Ṣé lóòótọ́ ni pé àgbọn àti imọ̀ rẹ̀ lè jọ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?

Ìyá Alágbọn (Àgbádárìgì)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé inú ilé. Ọ̀rọ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin èmi àti ọmọ mi, mo ní kí n gbé e wá síbí kí ẹ bá wa dá a.

Iṣẹ́ àgbọn ni mò ń ṣe. Àgbọn ni ìyá mi tà, òun náà ni mò ń tà. Ọkùnrin tó ń bá mi gùn ún, tó bá ti dé òkè, tó fi okùn de ara rẹ̀ mọ́ igi tán, á kígbe pé "Ẹ yàgò!" Gbogbo wa á sì sá kúrò lábẹ́ igi. Ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ àdá lókè, "kó!" Kí ẹ tó sọ pé "Olúwa gbà mí," ẹ ti gbọ́ "gbì!" nílẹ̀. Iyanrìn ni ilẹ̀ àdúgbò wa, àgbọn tó bá bọ́ sí i a máa gbẹ́ kòtò tí ẹ lè ki ọwọ́ bọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ imọ̀ gbígbẹ ló gé, ìyẹn á fì sọ́tùn-ún, á fì sósì, á yí bìrí, ẹ lè rìn kúrò níbẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó tó balẹ̀. Òdòdó àgbọn tó wẹ́wẹ́ ńkọ́? Ìyẹn a máa bá atẹ́gùn òkun lọ sínú oko ẹlòmíràn ni.

Ọmọ mi tó wà ní SS1 wá ti ilé ìwé dé, ó ní tísà àwọn ní gbogbo nǹkan, ìbáà wúwo, ìbáà fúyẹ́, bákan náà ni wọ́n ń já bọ́. Mo ní irọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni, pé òyìnbó kan ju òòlù àti ìyẹ́ ẹyẹ sílẹ̀ lórí òṣùpá, méjèèjì sì jọ balẹ̀. Mo ní ṣé orí òṣùpá la ti ń ká àgbọn ni?

Ẹ gbà mí o. Ṣé tísà yẹn ló ń parọ́ ni, àbí ojú mi ló ń tàn mí? Bó bá sì jẹ́ òótọ́ ni ti òṣùpá, kí ló wà níbí tí kò sí níbẹ̀? Àwọn ayé yòókù tí wọ́n ń dárúkọ yẹn náà ńkọ́? Bí igi àgbọn bá hù níbẹ̀, ṣé èèyàn lè dúró lábẹ́ rẹ̀?

Dáre Kò-Gbàgbọ́

Màmá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ yín ṣeré. Ta ló dé òṣùpá? Inú yàrá kan ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ya gbogbo fíìmù yẹn, okùn ni wọ́n so mọ́ ìyẹ́ náà. Ohun tó wúwo ló ń kọ́kọ́ balẹ̀. Ó parí.

Tísà Fẹ̀yìntì (Ìjẹ̀bú-Òde)

Dáre, mo ń bọ̀ wá bá ọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Ìyá Alágbọn lóhùn.

Màmá, ẹ kú ọjà o. Ojú yín kò tàn yín, tísà náà kò sì parọ́. Ó sọ ìdajì ọ̀rọ̀ ni, ó fi ìdajì sápò. Físíìsì ni mo fi kíkọ́ ṣe iṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tó sì máa ń bí mi nínú jù nìyí. Wọ́n á kọ "gbogbo nǹkan ń já bọ́ bákan náà" sójú pátákó, àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á fi gba máàkì, kò sí ẹni tó máa ní kí wọ́n jáde síta kí wọ́n gbójú sókè wo igi kan ṣoṣo.

Nǹkan méjì ló ń du ohunkóhun tó bá ń já bọ́. Òòfà ilẹ̀ ń fà á wálẹ̀, afẹ́fẹ́ ń dì í mú lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká mú òòfà ná. Ilẹ̀ ń fa àgbọn ju bó ṣe ń fa ìyẹ́ lọ. Ìyẹn dájú, òun gan-an la ń pè ní wíwúwo. Ṣùgbọ́n ohun tó wúwo, òun náà ló lágídí láti kúrò lójú kan. Ẹ wo ọmọlanke: tó bá ṣófo, ọmọdé á tì í sáré, ẹ kó àgbọn kún un, àgbà méjì ni yóò fi èjìká tì í kó tó mira. Nítorí náà, bí àgbọn bá fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún wúwo ju ìyẹ́ lọ, ilẹ̀ á fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún fà á, agídí rẹ̀ náà á sì jẹ́ ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Bó bá jẹ́ òòfà nìkan ló wà, gbogbo ohun tó ń já bọ́ láyé wa ni eré rẹ̀ yóò máa fi mítà 9.8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lé sí i, ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Àgbọn, ìyẹ́, imọ̀, òdòdó, èmi, ẹ̀yin. Ibí yìí ni tísà ọmọ yín dé tó fi kó ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ nílẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀ kì í bi nǹkan pé èló lo wúwo. Bí nǹkan náà ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe rí, àti bó ṣe ń sáré tó ló ń wò. Eré yẹn ló sì ń bí i nínú jù: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìdènà afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí nǹkan bá ń já bọ́, tí eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ìdènà náà ń pọ̀ lọ, títí yóò fi tó ìwúwo nǹkan náà gan-an. Bó bá ti dé ibẹ̀, eré rẹ̀ kò ní pọ̀ sí i mọ́. Bó ṣe wà náà ni yóò wà títí yóò fi kanlẹ̀.

Imọ̀ gbígbẹ fẹ̀, ó sì fúyẹ́, kò tíì já jìnnà tó ti dé ibi tí eré rẹ̀ ń dúró sí. Àgbọn ribiti, ó ki pọ́pọ́, igi yín kò ga tó kó fi dé tirẹ̀. Ìdí tó fi ń gbẹ́ kòtò nìyẹn: ó kanlẹ̀ nígbà tí eré ṣì ń wọ̀ ọ́ lára.

Bí ọmọ yín bá fẹ́ rí i lónìí, kó mú ìwé tó nípọn kan àti bébà kan tí kò fẹ̀ ju ìwé náà lọ. Kó ju méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bébà á máa fò kiri. Lẹ́yìn náà, kó tẹ́ bébà náà sórí ìwé, kó má lẹ̀ ẹ́, kó sì ju ìwé sílẹ̀ gbalaja. Wọ́n á jọ balẹ̀ ni. Ìwé ti gba ìyà afẹ́fẹ́ jẹ fún un.

Ẹ tún wo òjò. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́, ẹ̀kán òjò tó bá já láti ibi tó ga ní kìlómítà méjì yóò máa sáré ju kìlómítà 700 lọ ní wákàtí kan nígbà tó bá dé orí wa. Òrùlé páànù wo ló máa dúró? Ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù nínú ẹ̀kán òjò kì í ju bíi mítà 9 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn kìlómítà 32 ní wákàtí. Àwọn ẹ̀kán kéékèèké tilẹ̀ ń rọra bọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn tí mo bá rí òjò tó ń rọ̀ wìnnìwìnnì, afẹ́fẹ́ ni mo máa ń kí.

Ó wá ku ti òṣùpá. David Scott lorúkọ ọkùnrin náà, òun ni ọ̀gá ọkọ̀ Apollo 15. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1971, nígbà tí wọ́n fẹ́ máa palẹ̀ mọ́, ó dúró níwájú kámẹ́rà, òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún, ìyẹ́ àṣá lọ́wọ́ òsì. Òòlù náà wọn kílò 1.32, ìyẹ́ náà kò ju gíráàmù 30. (Ó ní ìdí tó fi jẹ́ ìyẹ́ àṣá. Falcon ni wọ́n sọ ọkọ̀ tí wọ́n fi balẹ̀, ẹyẹ apẹran bíi àṣá ni falcon.) Ó jù wọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti bíi ibi tí èjìká rẹ̀ ga dé, ìyẹn mítà 1.6. Méjèèjì jọ kanlẹ̀. Ìyẹ́ náà kò fì, kò yí, ṣe ló já bọ́ tààrà bí ẹni pé irin ni.

Afẹ́fẹ́ ni kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé òṣùpá kò ní òòfà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń rò. Ó ní, ṣùgbọ́n kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà tiwa lọ. Òòlù tó já láti ibi gíga yẹn níbí á kanlẹ̀ láàrin nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá. Ti Scott lò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan àti díẹ̀ lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Nítorí náà ohun méjì ni ẹ óò rí nínú fíìmù yẹn: bí wọ́n ṣe rọra ń bọ̀, òòfà ló fà á, bí wọ́n ṣe jọ balẹ̀, àìsí afẹ́fẹ́ ló fà á. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀.

Dáre, ó kàn ọ́ báyìí. Lọ wá fíìmù ọkọ̀ tí wọ́n wà lórí òṣùpá ní 1971 àti 1972. Má wo ọkọ̀, eruku tó ń ta lẹ́yìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni kí o wò. Bó ṣe ta sókè, bẹ́ẹ̀ ló tẹ̀ bí ọrun, tó sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò ṣú, kò rọ̀ sókè. Lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí kò lọ́dà nígbà ọyẹ́, kí ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá lára rẹ, o ó ṣì máa wúkọ́ nígbà tí ọkọ̀ náà bá ti wọ ìlú kejì. Afẹ́fẹ́ ló gbé eruku yẹn dúró. Yàrá wo ní Amẹ́ríkà ni wọn yóò ti ya fíìmù tí eruku kò ti ní ṣú? Àwọn Apollo 15 yẹn náà tún fi dígí sílẹ̀ lórí òṣùpá, àwọn onímọ̀ ṣì ń tan iná lésà sí i láti ilé ayé, ìmọ́lẹ̀ náà sì ń padà wá bá wọn. Okùn kọ́ ló gbé dígí yẹn débẹ̀.

Ti àwọn ayé yòókù, màá jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀ lálẹ́. Ẹ jẹ́ kí n jẹun ná.

Nọ́ọ̀sì Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá wa. Ọ̀rọ̀ pé eré máa ń dúró lójú kan yẹn, ara mi ló fi gbọ́ ọ.

Àwa kan níbi iṣẹ́ fò láti inú bàálù kékeré láti fi kó owó jọ fún àwọn aláìsàn. Wọ́n so mí mọ́ àyà ọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, kí n má bàa pa ara mi. Nígbà tí a yọ ẹsẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà bàálù, ikùn mi gbéra, ó bọ́ sí ọ̀fun mi, mo pe orúkọ ìyá mi, mo pe ti ìyá ọkọ mi mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́, bóyá ká ka ẹní títí dé ẹ̀wàá, ikùn náà padà sí àyè rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé n kò já bọ́ mọ́. Ẹ̀fúùfù kàn ń ti àyà mi láti ìsàlẹ̀, ó ń ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sókè, eyín mi gbogbo wà níta. Nígbà tí a balẹ̀ tán ni ọkùnrin yẹn sọ fún mi pé eré tó ń lọ bíi kìlómítà 190 ní wákàtí kan la wà lórí rẹ̀ ní gbogbo àsìkò tí mo rò pé mo dúró lójú kan.

Ìbéèrè mi sí yín, sà: mo kà á pé òòfà Mars, ọ̀kan lára àwọn ayé yòókù yẹn, kò tó ti wa rárá. Kí ló wá dé tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ síbẹ̀ fi máa ń ṣe wàhálà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kó tó balẹ̀? Párásùùtù, rọ́kẹ́ẹ̀tì, okùn, gbogbo rẹ̀. Bí òòfà bá kéré, ṣé kò yẹ kó rọra balẹ̀ ni?

Tísà Fẹ̀yìntì (Ìjẹ̀bú-Òde)

Nọ́ọ̀sì, mo rẹ́rìn-ín ìyá ọkọ yẹn títí. Ìbéèrè rẹ bọ́ sí àkókò, torí ìṣirò tí mo ṣe lálẹ́ àná ló dá a lóhùn.

Mo mú àgbọn kan tó wọn kílò kan àti ààbọ̀, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 18, tó já láti orí igi tó ga ní mítà 20. Láyé wa níbí, yóò lo bíi ìṣẹ́jú-àáyá méjì lójú ọ̀nà, eré rẹ̀ á sì súnmọ́ kìlómítà 70 ní wákàtí kan nígbà tó bá kanlẹ̀. Afẹ́fẹ́ wa kò rí nǹkan gidi gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí òṣùpá, yóò lo ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, yóò sì kanlẹ̀ pẹ̀lú bíi kìlómítà 29.

Ká lọ sí Mars. Òòfà ibẹ̀ jẹ́ mítà 3.7 (tiwa ni mítà 9.8 tí mo sọ lókè yẹn), ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta tiwa. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́ débi pé kò tó ìdá kan nínú àádọ́ta tiwa. Àgbọn á lo ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta àti díẹ̀, á kanlẹ̀ pẹ̀lú kìlómítà 44. Bí Scott bá lọ ju òòlù àti ìyẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, òòlù ni yóò ṣíwájú, ṣùgbọ́n ìyẹ́ náà kò ní jìnnà sí i lẹ́yìn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni Venus, Àgùàlà tí a máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá, tí àwọn àgbà ń pè ní ajá rẹ̀. Òòfà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiwa dọ́gba, mítà 8.9. Bó bá jẹ́ òòfà nìkan là ń wò, a ó ní bíi tilé ni. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ibẹ̀! Ẹ kan àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó ga ní mítà kan. Afẹ́fẹ́ tiwa tí yóò kún inú rẹ̀ kò ju kílò kan àti díẹ̀ lọ, ti Àgùàlà á tó kílò 65. Kì í ṣe omi, àmọ́ ó ti kúrò ní ohun tí à ń pè ní afẹ́fẹ́ lásán. Àgbọn tó bá já síbẹ̀, kò ní pẹ́ tí eré rẹ̀ á fi dúró sí nǹkan bí kìlómítà 20 ní wákàtí, ìbáà já láti orí igi, ìbáà já láti orí òkè. Ooru tó wà níbẹ̀ lè yọ́ òjé, nítorí náà èédú ni ẹ óò bá nínú èèpo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn.

Kì í ṣe ìṣirò lásán. Àwọn ará Soviet rán ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Venera 7 lọ síbẹ̀, ó dé ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 1970. Párásùùtù rẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Láyé wa níbí, ẹ̀rọ tó bẹ́ẹ̀ tí párásùùtù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, orin arò ló kù. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ Àgùàlà gbà á dání, ó fi nǹkan bí kìlómítà 60 ní wákàtí kanlẹ̀, ó sì ṣì ń fọhùn lórí ilẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú àti díẹ̀. Òun ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó ránṣẹ́ sílé láti orí ilẹ̀ pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn. Nígbà tí wọ́n rán Venera 9 ní 1975, wọ́n ti gbọ́n: wọ́n ní kó já párásùùtù dànù nígbà tó ṣì wà ní kìlómítà 50 sókè. Àádọ́ta kìlómítà o! Ó fi irin pẹlẹbẹ kan tó yí i ká bí etí àkẹtẹ̀ bọ̀ wálẹ̀, ó sì gúnlẹ̀ láìfọ́, ó ya fọ́tò ránṣẹ́.

Wàyí o, Nọ́ọ̀sì, fi ara rẹ sí ipò àgbọn. Eré rẹ dúró sí bíi 190 sí 200 níbí. Lórí Àgùàlà, ibi tí yóò dúró sí kò ní ju nǹkan bí 26. Lórí Mars tí ìwọ rò pé o máa rọra balẹ̀ yẹn, yóò súnmọ́ 950! Òòfà kékeré ló ń fà ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń dì ọ́ mú. Ìdí wàhálà wọn nìyẹn. Ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Perseverance, tó dé Mars ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2021, wọn ju kílò ẹgbẹ̀rún kan lọ. Párásùùtù rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 21.5, ilé alájà kan tó láàyè kò ní gbà á. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí párásùùtù náà ti sa gbogbo agbára rẹ̀, ẹ̀rọ náà ṣì ń bọ̀ pẹ̀lú nǹkan bí kìlómítà 320 ní wákàtí. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ló gba ìyókù ṣe, okùn ni wọ́n sì fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn. Mars ní afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó láti sun èèyàn níná nígbà tó bá ń wọlé, kò sì ní èyí tó tó láti gbà á dúró. Ìwà ahun ni mo ń pe ìyẹn.

Ìyá Alágbọn (Àgbádárìgì)

Háà! Bàbá, ẹ dákun, ẹ dúró kí n gbọ́ ọ dáadáa. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé níbi tí òòfà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiwa dọ́gba, àgbọn á rọra bà mí lórí, níbi tí òòfà rẹ̀ kò tó nǹkan ló ti máa fọ́ mi lágbárí?

Èmi ti ń mú òṣùpá pé ibẹ̀ ni màá ti máa ká tèmi.

Ọmọ mi ti ju bébà àti ìwé o. Ó ṣe bí ẹ ṣe wí. Ó tún fẹ́ ju abọ́ tánganran mi, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n béèrè ibi tó dára jù láti já bọ́. Mo ní irú ìbéèrè wo nìyẹn, ó ní kí n ṣáà béèrè.

Tísà Fẹ̀yìntì (Ìjẹ̀bú-Òde)

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, màmá. Àmọ́ kílò kan àti ààbọ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú kìlómítà 20, ẹ má gbé orí fún un níbikíbi. Ẹ ṣì yàgò.

Ìbéèrè ọmọ yín kì í ṣe àwàdà, ìdáhùn rẹ̀ sì ni Titan. Ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá tó ń yí Saturn ká ni, ó tóbi ju òṣùpá tiwa lọ. Ohun méjèèjì ló bára mu níbẹ̀: òòfà rẹ̀ kéré ju ti òṣùpá wa pàápàá, mítà 1.35, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ki ju tiwa lọ ní ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀. Àgbọn yín á lo bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà kó tó ti orí igi délẹ̀. Nọ́ọ̀sì lè fò láti inú bàálù níbẹ̀ láìmú párásùùtù kankan, eré rẹ̀ kò ní ju nǹkan bí kìlómítà 35 ní wákàtí lọ. Ó lè kán lẹ́sẹ̀ bí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kú. Òtútù ibẹ̀ ni yóò pa á.

Àwọn ará Yúróòpù sọ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Huygens síbẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2005. Wákàtí méjì ààbọ̀ gbáko ló fi ń bọ̀ wálẹ̀ lábẹ́ párásùùtù, ó ń ya fọ́tò bọ̀, ó ń gbọ́ ẹ̀fúùfù bọ̀. Ẹ fi wé Perseverance tí tirẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú méje lọ láti ìgbà tó ti wọ inú afẹ́fẹ́ Mars. Huygens kanlẹ̀ pẹ̀lú eré tí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́ ń lọ, ó sì ń fọhùn ju wákàtí kan lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Òjò ń rọ̀ ní Titan, àmọ́ kì í ṣe omi, mẹ́téènì ni, irú gáàsì tí a ń dáná sun nílùú epo, tí òtútù ibẹ̀ sọ di omi. Àwọn onímọ̀ ti ṣe ìṣirò rẹ̀: ẹ̀kán rẹ̀ lè tóbi tó sẹ̀ǹtímítà kan, ó sì ń bọ̀ wálẹ̀ bíi mítà kan àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ ṣe ń rìn lọ sọ́jà nìyẹn. Ẹ lè rí ẹ̀kán òjò kan lókè kí ẹ sì yẹra fún un. Mo máa ń fẹ́ rí i ju gbogbo ohun tó kù lọ.

Ìyá Alágbọn (Àgbádárìgì)

Ọmọ náà ti gba fóònù lọ́wọ́ mi, òun ló ń tẹ èyí: Ẹ káàsán sà. Jupiter ńkọ́? Ṣé kì í ṣe òun ló tóbi jù? Ibẹ̀ ni òòfà pọ̀ sí jù, àbí? Ẹ ṣeun sà.

Tísà Fẹ̀yìntì (Ìjẹ̀bú-Òde)

Káàsán, ọmọ dáadáa. Nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, òun ni. Lókè ìkùukùu rẹ̀, òòfà tó wà níbẹ̀ ju tiwa lọ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí o máa ní láti yanjú kí o tó ju ohunkóhun síbẹ̀: kò sí ilẹ̀ tó máa bọ́ sí. Afẹ́fẹ́ ni láti òkè, ó ń ki sí i, ó ń gbóná sí i, títí lọ.

A ti ju nǹkan kan síbẹ̀ rí. Ní ọjọ́ keje oṣù kejìlá ọdún 1995, ẹ̀rọ kékeré kan tó ti ara ọkọ̀ Galileo já wọ inú Jupiter pẹ̀lú eré kìlómítà 47 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kì í ṣe ní wákàtí o, ní ìṣẹ́jú-àáyá. Afẹ́fẹ́ mú un so láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú apata tó fi bo ara jóná dànù, lẹ́yìn náà ni párásùùtù rẹ̀ ṣí. Ó bá wa sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan, ó ń sọ bí ooru ṣe tó àti bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún un tó. Nígbà tó fi máa dákẹ́, afẹ́fẹ́ ti ń tẹ̀ ẹ́ ju ìlọ́po ogún tiwa lọ. Bí o bá fẹ́ ṣe ìṣirò rẹ̀, gba eré 47 yẹn, sọ ọ́ di kìlómítà ní wákàtí, kí o kọ ìdáhùn síbí. Màá máàkì í.

Dáre Kò-Gbàgbọ́

Bàbá, mo ti wo eruku náà. Mo gbà pé ó ṣe bákan. Ẹ sọ fún mi, nígbà tí Scott yẹn ń ju òòlù, ta ló mú kámẹ́rà dání?

Tísà Fẹ̀yìntì (Ìjẹ̀bú-Òde)

Kò sẹ́ni tó mú un. Orí ọkọ̀ tí wọ́n ń wà lórí òṣùpá ni wọ́n de kámẹ́rà yẹn mọ́, àwọn tó wà ní Houston ní Amẹ́ríkà ló ń yí i láti ilé ayé. Béèrè òmíràn.

Ìyá Alágbọn (Àgbádárìgì)

169,200. Ó ní kí ẹ máàkì í.